Ta Ni Ó So Òjò Rọ̀ Lókè?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu wa lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ó yẹ kí àwa Kristẹni jókòó sọ láàárín ara wa. Ní ìparí oṣù Kẹta wọ inú oṣù Kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ á ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbẹ̀ á ti gbin àgbàdo sí oko wọn ní Ìyìn, ní Igbemọ, ní Ìwòròkò, àti ní ẹ̀yìn Adó níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ni òjò á sá. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, méjì á kọjá. Bí ọ̀sán bá pọ́n, ojú ọ̀run á ṣú, àwọsánmà dúdú á gbára jọ ní ìhà ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ á fẹ́, àwọn ìyá á sáré lọ kó láfún tí wọ́n sá sórí àpáta. Kí wọ́n tó kó o tán, òjò ti kọjá lọ. Ẹ̀kán kan kò kán sílẹ̀. Àgbàdo tó ti hù á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé rẹ̀ bí ẹní.

Ìgbà náà ni ẹ ó gbọ́ ọ: "Wọ́n ti so ó rọ̀." Ta ni wọ́n? Ẹnì kan tó ń sin òkú àgbà ni. Ẹnì kan tó ń kọ́lé, tí kò fẹ́ kí búlọ́ọ̀kù òun tú, ni. Bí kò bá sí òkú, tí kò sí ìgbéyàwó, tí kò sí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, bàbá arúgbó kan tó ń dá gbé ní ìparí àdúgbò ni wọn yóò nàka sí, tàbí ìyá kan tí kò ní ọmọ tí yóò gbẹnu sọ fún un. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un wá sí ojú ìwé yìí.

Olúwa wa Jésù ti sọ ọ́ nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí 5, pé Baba tó wà ní ọ̀run kì í yan ẹni tí òjò Rẹ̀ yóò rọ̀ fún. Àti olóòótọ́ àti ọ̀daràn, gbogbo wọn ni ó ń rọ̀ fún. Àwọn baba wa pẹ̀lú sì ti ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí irúgbìn rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀ kò ní fẹ́ kí a fi ẹsẹ Bíbélì kan dá òun lẹ́nu dúró. Yóò ní, "Bí kò bá ṣe pé wọ́n so ó, kí ló dé tí àwọsánmà tó ru omi tó báyìí fi kọjá lórí oko mi láìkán?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ronú kàn nínú ooru Adó: yìnyín.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ka ìwé Jóòbù, orí 38, níbi tí Ọlọ́run ti ń bi Jóòbù nípa ibi tí Òun kó òjò dídì àti yìnyín pamọ́ sí, bí ẹni pé àwọn ará ìlú òtútù ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé ìṣúra náà wà lórí òrùlé wa gan-an. Ìlú Adó wà ní nǹkan bí 400 mítà ga ju ojú òkun lọ. Bí a bá ń gòkè láti ibẹ̀, ní gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, ooru ń dín ní nǹkan bí dígírì 6 tàbí 7. Bí a bá fi máa dé 4,500 sí 5,000 mítà sókè ju ojú òkun lọ, ooru ti tán pátápátá, a ti dé òdo lórí ìwọ̀n Celsius, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Bí ó bá ṣe pé ọ̀nà ilẹ̀ ni, kò tó ìdajì ọ̀nà láti Adó lọ sí Ìfàkì. Òjò alárá tó ń ṣú ní oṣù Kẹrin máa ń ga ju ibẹ̀ lọ dáadáa. Orí rẹ̀ lè dé kìlómítà 12, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí aṣọ wa lẹ̀ mọ́ wa lára nítorí òógùn ní Ọjà Ọba, òtútù tí ẹnikẹ́ni kò lè fara dà wà ní òréré ibẹ̀.

Wàyí o, ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Omi tó wà nínú àwọsánmà náà kì í dì ní kété tó bá dé ibi òtútù. Àwọn ẹ̀kán rẹ̀ kéré púpọ̀, ojú kò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì mọ́. Omi tó mọ́ tó sì kéré bẹ́ẹ̀ lè wà ní omi títí di nǹkan bí dígírì 38 sísàlẹ̀ òdo kí ó tó dì fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ta omi tútù kò ní bá mi jiyàn. Ẹ ti gbé píọ̀ wọ́tà jáde nínú fíríísà rí, tó tutù rinrin, ṣùgbọ́n tó ń ṣàn. Bí ẹ ti gbé e kalẹ̀ gbàgà, tàbí bí oníbàárà ti já ẹnu rẹ̀, nǹkan funfun á yọ níbì kan nínú rẹ̀, á sáré ká gbogbo ọ̀rá náà, gbogbo rẹ̀ á di yìnyín lójú yín. Omi náà ti tutù tó láti dì tẹ́lẹ̀. Ohun tí yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì rí.

Bí ó ti rí lókè nìyẹn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀kán omi tútù ń rìn káàkiri nínú àwọsánmà, wọ́n fúyẹ́ ju kí wọ́n já bọ́ lọ, wọn kò sì rí ohun tí wọn yóò dì lé lórí. Nígbà tí ẹyọ ọ̀kan bá wá dì láàárín wọn, nǹkan yí padà. Ọkùnrin ará Sweden kan tí ń jẹ́ Tor Bergeron ló la èyí yé aráyé. Ní 1922, ó ń sinmi lórí òkè kan nítòsí ìlú Oslo ní Norway, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà kan láàárín igbó rìn. Ó ṣàkíyèsí pé ní ọjọ́ tí òtútù kò tíì dé òdo, kùrukùru ń kún ojú ọ̀nà náà láàárín igi; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an, tó dé dígírì 5 sí 10 sísàlẹ̀ òdo, kùrukùru kan náà kì í dé ilẹ̀ ojú ọ̀nà mọ́. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ni ó ń fa ọ̀rinrin kùrukùru náà mọ́ra títí tó fi tán. Bergeron rò ó wò pé bí yìnyín bá lè ṣe èyí lórí ẹ̀ka igi, ó lè ṣe é nínú àwọsánmà. Alfred Wegener, ará Jámánì, ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà ní 1911. Ará Jámánì mìíràn, Walter Findeisen, sì tún un ṣe ní 1938.

Ohun tí wọ́n rí ni pé yìnyín ń di ọ̀rinrin mú ju bí omi ti ń dì í mú lọ. Bí hóró yìnyín kan bá bọ́ sáàárín ẹ̀kán omi, àwọn ẹ̀kán náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rinrin tó kúrò lára wọn á sì lọ lẹ̀ mọ́ hóró yìnyín yẹn. Ó dà bí ẹni kan tó ń jẹun láàárín àwọn tó ń gbààwẹ̀: àwọn yòókù ń rù, òun ń sanra. Nígbà tó bá tóbi tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bó ti ń bọ̀, ó ń gbá àwọn ẹ̀kán omi tó bá pàdé mọ́ra, ó sì ń gbún àwọn yìnyín ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá kọjá ibi òdo yẹn sísàlẹ̀, ó yọ́, ó di omi, ó sì kán sí yín lórí ní Adó bí òjò. Ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo báyìí gba omi tó tó ti ẹ̀kán àwọsánmà bíi mílíọ̀nù kan.

Kí ni hóró àkọ́kọ́ yẹn wá ń dì lé lórí? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Eruku ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ tí a ń bú! Ẹ wo bí a ti ń kùn láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì: eruku bo àga, ètè là, ọmọ ń wúkọ́. Púpọ̀ nínú eruku náà ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Amọ̀ ni, òkúta tó lọ̀ kúnná ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé ó wà lára ohun tí omi tútù fẹ́ràn jù láti dì lé lórí. Ní oṣù Keje 2002, àwọn olùwádìí tó fi bàálù wọ inú àwọsánmà ní Florida ní Amẹ́ríkà bá eruku Sàhárà yìí kan náà níbẹ̀, ó ti rékọjá Òkun Àtìláńtíìkì, ó ń bí yìnyín fún àwọn ará ọ̀nà jíjìn. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí pẹ̀lú, tí ń gbé lórí ewé, a máa bá afẹ́fẹ́ gòkè lọ ṣe iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ti bá irú wọn nínú odindi yìnyín tó já bọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo eruku ló lè ṣe é o. Níbi tí òtútù kò bá tíì mú jù, ó lè má ju bí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò jẹ́ kí ó mọ síbẹ̀. Bí omi ti ń dì mọ́ yìnyín ara, ó máa ń fọ́n àwọn fọ́nrán kéékèèké síta, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á sì di hóró tuntun. Díẹ̀ tó dé níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i.

Ẹ̀rí kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè fetí gbọ́. Nínú àwọsánmà, àwọn hóró yìnyín kéékèèké àti àwọn tó wúwo ń gbún ara wọn, èyí tó kéré ń gòkè, èyí tó wúwo ń já bọ́. Gbígbún yìí ni ó ń kó iná mànàmáná jọ sínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí àrá bá sán lórí òkè Adó, ẹ mọ̀ pé yìnyín ti wà nínú òjò náà, ìbáà jẹ́ pé omi gbígbóná ni ẹ ń lé kúrò lára. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó ń gbé e sókè bá le púpọ̀, omi tútù á máa dì yí i ká nípele nípele, á wá wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ráyè yọ́ kó tó délẹ̀. Òun ni yìnyín tí àwọn ọmọ ń ṣà jẹ, tí ó sì ń ya ewé kókò lóko.

N kò fẹ́ ṣì yín lọ́nà: kì í ṣe gbogbo òjò ló ti ara yìnyín wá. Ìwádìí tí a fi sátẹ́láìtì ṣe, tó jáde ní 2015, fi hàn pé lójú òkun ní àwọn ilẹ̀ olóoru, púpọ̀ nínú òjò ń wá láti inú àwọsánmà tí kò ní yìnyín, níbi tí ẹ̀kán omi kàn ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, láti inú èyí tó ní yìnyín ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Àwa náà ní irú ti àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ rántí òwúrọ̀ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ní Adó, nígbà tí àwọsánmà á bo orí òkè mọ́lẹ̀, tí oòrùn kò ní yọ títí di ọ̀sán, tí kòkó àti láfún kò ní gbẹ. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2016, àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti Yúróòpù kó irinṣẹ́ jọ sí Ilé-Ifẹ̀, sí Sábẹ ní ilẹ̀ Benin, àti sí Kumasi ní Ghana láti wo àwọsánmà yìí. Bàálù wọn ń gbéra láti Lomé. Ó wà nílẹ̀ púpọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ga ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ, ó sì fẹ́lẹ́. Kò dé ibi òtútù rárá. Ó ṣú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe dáadáa tán, òjò wíníwíní ni yóò sẹ̀. Kò sí ẹni tó so ìyẹn rọ̀. Bí a ti dá a nìyẹn.

Kí wá ni ti oṣù Kẹrin tó kọjá lórí oko? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jà lórí wa ní àsìkò náà. Ọ̀kan ń ru ọ̀rinrin bọ̀ láti inú òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Èkejì gbẹ, ó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ ní àríwá ìlà-oòrùn. Nígbà tí ti òkun kò bá tíì nípọn, àwọsánmà á gòkè, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gbẹ orí rẹ̀ dànù kó tó dé ibi tí yìnyín ti lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ó ga tó, òjò sì rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbẹ lójú ọ̀nà kó tó délẹ̀, tàbí kó rọ̀ sí Ìlawẹ́ kó fo Adó. Dúdú tí àwọsánmà dúdú kò tó.

Ẹ tún wo èyí. Ní 13 oṣù Kọkànlá 1946, Vincent Schaefer, ará Amẹ́ríkà, da afẹ́fẹ́ tí wọ́n mú dì bí òkúta, èyí tó tutù ju yìnyín lọ, láti inú bàálù sínú àwọsánmà kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òjò dídì já bọ́ láti inú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó gbẹ kó tó kan ilẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ìjọba olówó ti ń gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú bàálù àti oògùn fàdákà. Títí di òní, wọn kò lè mú òjò jáde láti inú ojú ọ̀run tó mọ́. Àwọsánmà tó ti wà níbẹ̀, tó sì ti tutù, ni wọ́n lè fi díẹ̀ kún omi rẹ̀. Bí gbogbo ìyẹn bá ṣòro fún ẹni tó ní bàálù, báwo ni bàbá tí kò rí agbára gun àkàsọ̀ ilé rẹ̀ yóò ṣe nawọ́ dé òkè kìlómítà márùn-ún?

Ẹnì kan yóò bi mí pé, ṣé kí a má gbàdúrà fún òjò mọ́ nìyẹn, nígbà tí eruku àti òtútù ti ṣàlàyé rẹ̀ tán? Háà, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Archdeacon Henry Dallimore tó dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó yìí ní 1933 kò rí i pé Bíbélì àti ẹ̀kọ́ ìwé ń bá ara wọn jà; inú ọgbà kan náà ni ó ti fi méjèèjì kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì. Ẹni tó mọ bí ọmọ ti ń dàgbà nínú ìyá rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun láti gbàdúrà fún aboyún. Èlíjà gun orí òkè Kámẹ́lì, ó forí sáàárín eékún, ó rán ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ wo òkun nígbà méje. Ní ìgbà keje, àwọsánmà tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn ló rí. Láti inú òkun ni ó ti jáde. Ọlọ́run gba ọ̀nà tí Òun fúnra Rẹ̀ là sílẹ̀.

Nínú ìtàn náà kan náà, ẹ wo Áhábù ọba. Ọ̀dá mú fún ọdún mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tó sì ṣe nígbà tó pàdé Èlíjà ni pé ó pè é ní ẹni tó da ìlú rú. Bí ẹnì kan bá sọ pé ṣebí Èlíjà ló sé òjò náà, ìwé Jákọ́bù, orí 5, dáhùn pé àdúrà ló gbà. Ọlọ́run ló sé e, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ààfin. Ọba kò wo ààfin rẹ̀. Ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù ni ó ń wá. Mo bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ wa tí ń jẹ́ orúkọ Èlíjà ló ń hùwà Áhábù bí àgbàdo bá ti ń rọ.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ sọ ọ́ láti orí àga ìwàásù ní oṣù Kẹta, kí ọ̀dá tó dé, pé ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò gbọdọ̀ nàka sí aládùúgbò rẹ̀ nítorí òjò. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí inú ti bí àwọn ènìyàn, ó ti pẹ́. Àti àwa tí a máa ń pàṣẹ kí òjò má rọ̀ ní ọjọ́ ìkórè wa, ẹ jẹ́ kí a rántí àgbẹ̀ tó ń bẹ Ọlọ́run kan náà fún un lódìkejì odò. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń kéde lọ́dọọdún ìgbà tí wọ́n rò pé òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó ń roko má baà da gbogbo irúgbìn wọn sórí òjò àkọ́rọ̀. Ẹni tó bá gbin ìdá kan, tó sì fi ìdá kan pamọ́, kò ṣàìnígbàgbọ́.

Ní ìsìn ìdílé lálẹ́ òní, ẹ ka Jóòbù, orí 38, láti ẹsẹ 22 títí dé ẹsẹ 38. Bí ẹ bá dé ẹsẹ ìkẹyìn, níbi tí a ti dárúkọ erùpẹ̀, ẹ bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n mọ ohun tí eruku ń bá òjò ṣe. Bí ojú ọ̀run bá sì ṣú lọ́la, tí orí àwọsánmà náà tẹ́ rẹrẹ tó sì fọ́n bí òwú tí a gbọ̀n, yìnyín ti dé inú rẹ̀ nìyẹn, òjò náà súnmọ́ tòsí. Ẹ rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ bá ìyá tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó láfún rẹ̀ wọlé.